Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lójú Màámi

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ní kéèyàn fi jókòó jẹ́ẹ́ tó bá ti fi nǹkan pa ojú, ṣùgbọ́n èmi ò tíì jókòó pé ìṣẹ́jú márùn-ún rí. Láàárọ̀ Sátidé, tí mo bá ti po oyin mọ́ atalẹ̀ pupa, tí mo fi pa ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, màá gbé fóònù síwájú kí n lè máa wo aago. Kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màá dìde lọ ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, màá lọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò, màá tún aṣọ tí mo ti ká ká. Àwọn ọmọ mi á máa pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ ń kán sílẹ̀ o!" Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, èmi náà á fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oyin á ti máa gbẹ mọ́ mi lójú. Ohun tí mi ò sọ fún wọn rí ni pé ọdún kan wà tó máa ń wá bá mi nídìí dígí yẹn, ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé Alhaja ní Olódì Àpápá, ọdún tí Màámi ń tọ́jú ojú rẹ̀ nítorí iṣẹ́.

Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé Alhaja, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì là wọ́n láàárín. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, torí náà èmi àti Màámi nìkan la wà nínú yàrá kejì lápá òsì, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan àti àpótí aṣọ kan. Ilé yẹn kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ó ti gbọ́ sálúbàtà Alhaja, ṣàà, ṣàà, bó ṣe ń lọ ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí àwọn ayálégbé á máa bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó kàn. Ẹnì kan á máa gbàdúrà lórúkọ Jésù nínú yàrá kan, rédíò á máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ ata á gbé ohùn tirẹ̀ sókè lójúde, àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté á sì máa fun fèrè lójú títì. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá omi, a máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú, ó máa ń gùn, ó sì máa ń mú kí ara mi má balẹ̀. Mi ò mọ bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń rí oorun ọ̀sán sùn nínú ilé yẹn. "Rẹ̀mí, jókòó! Ṣé kòkòrò wà nídìí ẹ ni?" Bí Alhaja ṣe máa ń dá mi lóhùn láàárọ̀ nìyẹn, kí n tó kúnlẹ̀ kí i tán.

Iṣẹ́ ẹja yíyan ni Màámi ń ṣe, ní Marine Beach. Á ra ẹja ṣáwá lọ́wọ́ àwọn tó ti orí omi dé, á fọ̀ ọ́, á fi iyọ̀ pa á, á tẹ́ ẹ sórí àsẹ́ wáyà nínú oòrùn kí omi ara rẹ̀ lè fà, kó tó wá gbé e sórí iná nínú dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé láàárín. Tí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mò ń lé eṣinṣin, tí mò ń fi yanrìn fọ àsẹ́, tí mò ń pọnmi. Èéfín ló ba ojú Màámi jẹ́. Awọ abẹ́ ojú rẹ̀ ti le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú kọjá ibi tó kù, ẹyinjú rẹ̀ sì máa ń pọ́n láti oṣù dé oṣù. Fọ́tò rẹ̀ kan wà lára ògiri wa, èyí tó yà nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Mo máa ń bínú sí fọ́tò yẹn, torí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tíì bí mi. Èmi ò rí ohun tó burú nínú èéfín. Mo fẹ́ràn òórùn tó wà lára aṣọ ìbora wa, mo fẹ́ràn gaàrí tí a ń mu létí omi lọ́sàn-án, tí Màámi á ya ẹja gbígbóná sí méjì, á fún mi ní èyí tó tóbi, á ní òun ti yó láìjẹ́ pé ó tíì jẹ nǹkan kan.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá ni Àǹtí Ngozi, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì máa ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó fi Pidgin parí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú ojú àwọn obìnrin olówó nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpápá. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún un pé ọ́fíìsì ọkọ òun, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní èbúté, ń wá obìnrin tí yóò máa jókòó níwájú, tí yóò máa gba àlejò, tí yóò máa gbé fóònù. Wọ́n fẹ́ ẹni tó gbọ́ òyìnbó, tí ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra. "Ìyá Rẹ̀mí, òyìnbó yín dey kampe," ni Àǹtí Ngozi wí, "na face remain. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. I go show una wetin una go dey do for house, kò ní ná yín ní nǹkan." Màámi fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ṣì lè padà?" Bó ṣe béèrè rẹ̀ yà mí lẹ́nu, torí Màámi kì í fi ohùn bẹ́ẹ̀ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ìtọ́jú ojú ṣe wọ yàrá wa nìyẹn. Ní Ọjọ́rú àti Sátidé, èmi ni mò ń gbé omi kaná. Màámi á da omi náà sínú bàsíà, á fi ìró bo orí, á tẹ ojú sí ooru náà, èmi á sì máa ka iye títí dé ọ̀ọ́dúnrún. Mi ò lè dúró lójú kan kà á, torí náà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń kà á, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, títí Alhaja á fi ké pé kí n má gbẹ́ ilẹ̀ ilé òun. Tí Màámi bá yọrí jáde, òógùn á bò ó, á bu ṣúgà tí a pò mọ́ oyin, á fi ra ojú yípo yípo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí Àǹtí Ngozi ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á ṣan án, á fi oyin àti atalẹ̀ pupa pa á, á sì nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ojú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kó má baà sán. Alhaja máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bísímílà! Oyin tó yẹ kéèyàn lá, o fi ń kun ara. Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbé fóònù lọ́fíìsì ọ̀hún ni?" Ikùn Màámi á máa mì lábẹ́ ìró, á sì máa fọwọ́ bẹ Alhaja pé kó lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, torí nǹkan náà ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń dán. Àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi ń bi í ní ohun tó ń lò. Bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn ni àyà tèmi ń já.

Ìyá Abẹ́òkúta ló fà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní àbọ̀ nínú. Ó wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, ó gbé ẹ̀wù mi sókè, ó wo egungun ìhà mi, ó ní mo ti rù jù. Nígbà tó gbọ́ nípa iṣẹ́, ó ní, "Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́? Ta ni yóò máa wo ọmọ yìí? Tí wọ́n bá ti gbà ọ́, màá wá mú un lọ sí Abẹ́òkúta." Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọ̀hún ná." Ó fi ẹ̀rín sí i. Ìgbà tí èmi náà di ìyàwó ilé ni mo tó mọ̀ pé obìnrin tó ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kó sọ pé rárá. Á dúpẹ́, á rẹ́rìn-ín, á fi ọ̀rọ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn, àgbà tó bá wà níjókòó á sì mọ̀ pé ó ti kọ̀. Ìyá Abẹ́òkúta pàápàá mọ̀, mo rò bẹ́ẹ̀, torí kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi lọ. Èmi ni mi ò mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọjọ́ tí Màámi bá rí iṣẹ́, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa gbé mi lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìdí mi kò gbé ilẹ̀ rárá. Mo ń jẹun lórí ìdúró. Mo ń jí lóru láti fọwọ́ kan ẹ̀yìn Màámi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò lè bi í, torí mò ń bẹ̀rù kó má lọ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo gbàdúrà pé kí ọ́fíìsì náà tilẹ̀kùn. Nígbà tí mi ò rí èsì, mo lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja nígbà tó ń kírun ìrọ̀lẹ́, mo gba àdúrà kan náà nínú, bóyá ti apá ibẹ̀ yẹn á tètè dé. Alhaja parí ìrun rẹ̀, ó rí mi níbẹ̀ tí mo díjú, inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní ohunkóhun tí mo bá ń tọrọ, Ọlọ́run á fi fún mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sáré kúrò níbẹ̀.

Mọ́ńdè ni wọ́n pe Màámi sí ọ́fíìsì. Lálẹ́ Fúráìdè, Àǹtí Ngozi ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí oyin rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kán mẹ́ta péré, kí ibi tó ṣì dúdú lè mọ́. Nígbà tí Sátidé mọ́, èmi ni mo ń fún ọsàn náà. Mo ti kán an lẹ́ẹ̀mẹta, mo fẹ́ gbé e sílẹ̀, Màámi ní, "Fún gbogbo ẹ̀ sí i jàre. Mọ́ńdè ti dé tán." Mo fún un títí ó fi gbẹ. Ó fi pa ojú àti ọrùn, ó ní ó ń ta òun díẹ̀, ó ní bóyá iṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì dùbúlẹ̀, ó díjú. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye mi. Àǹtí Ngozi ń jáde bọ̀ pẹ̀lú báàgì ńlá, ó ń sáré, torí Badagry ló ń lọ, níbi tó ti fẹ́ ṣe ojú fún ìyàwó kan, kò sì ní dé títí di Túsìdè. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìta kó tó yíjú padà.

"Rẹ̀mí! Mọ́mì ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti pa ojú, ma."

"Okay, hear me well. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti lo ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn, kí wọ́n má jáde sínú oòrùn lónìí o. At all at all. Make dem stay inside till evening. Oòrùn á bó wọn lójú ni. You hear?"

"Mo ti gbọ́, ma."

"Go tell am now-now."

Mo yíjú sí yàrá wa. Láti ẹnu ọ̀nà wa sí ibi tí mo dúró kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ ata lójúde kò jẹ́ kí Màámi gbọ́ ohun tí Àǹtí Ngozi wí. Màámi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ojú pupa, kò ṣí ojú, ó fi eyín pípadé bi mí pé, "Ta nìyẹn? Kí ló wí?" Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo búra pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí aṣọ funfun tó ti lọ̀ tó fi kọ́ sára ògiri fún Mọ́ńdè, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń dáhùn pé, "Kò wí nǹkan kan, Màámi. Ó ní ó dàbọ̀ ni."

Ẹja pọ̀ létí omi lọ́jọ́ náà. Oòrùn kò sì ṣeré. Màámi so aṣọ mọ́rí, ó ń tẹ́ ẹja, ó ń yí i padà, ojú rẹ̀ tó mọ́ ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òyìnbó ni kí wọ́n máa fi kí òun láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ń lọ sí etí omi, mo ń padà, mo ń ka àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, mo ń gbàgbé iye tí mo kà. Mo ń sọ fún ara mi pé Àǹtí Ngozi fẹ́ràn àsọdùn. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, mi ò lè fara dà á mọ́.

"Màámi, ẹ wá jókòó síbi ibòji."

"Ta ni yóò máa yí ẹja?"

"Èmi á máa yí i."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kì í dúró títí eṣinṣin á fi bà lé ọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ yá agbòjò wá fún yín nígbà náà."

"Rẹ̀mí, ìgbà wo lo di ìyá mi?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ṣí sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, mo sì mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pa ẹnu dé, mo lọ fi yanrìn fọ àsẹ́ tí mo ti fọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, irọ́ àárọ̀ yẹn kò dùn mí tó ọ̀sán yẹn. Irọ́ àárọ̀ yára, èèyàn lè sọ pé ẹnu ló yọ̀. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin ni mo fi ń wo ojú ìyá mi nínú oòrùn, tí òógùn ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn, tí mo sì lè dá a dúró nígbàkígbà.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó jí, ó ní ojú ń yún òun. Ó ti pọ́n. A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti lé ròrò láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé àgbọ̀n, ibi tí omi ọsàn ti ṣàn sí i lọ́rùn sì ti ṣe ilà pupa gbọọrọ. Alhaja gbé àdí àgbọn wá, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Màámi jókòó síwájú dígí, ó ń bi mí ní gbogbo ohun tí a ti ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. "Omi gbígbóná la kọ́kọ́ lò, àbí?" "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." "Kò gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?" "Rárá, Màámi." "Ṣúgà ńkọ́? Ṣé mo ra ojú jù ni? Àbí atalẹ̀ tí mo rà lọ́tẹ̀ yìí ni kò dára?" Ó ń wá àṣìṣe rẹ̀ kiri. Mo ń dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà, mi ò jẹ́ wọlé, mi ò sì lè kúrò níbẹ̀. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mọ́ńdè, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ó fi páúdà bo ojú, páúdà náà sì ń sán níbi tí ròrò wà. Ó lọ bẹ́ẹ̀. Nílé ìwé, tíṣà ní kí n kúnlẹ̀ nítorí pé mi ò yé dìde, mo sì kúnlẹ̀ tọkàntọkàn, ó dùn mọ́ mi kí ẹnì kan fìyà jẹ mí. Nígbà tí mo délé, Màámi ti dé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja lágbàlá, ó ṣì wọ aṣọ funfun. "Ọkùnrin náà kò sún mọ́ mi, Alhaja. Ó bi mí bóyá ó máa ń ran èèyàn. Mo ní kì í ràn, mo ní oòrùn àti èéfín ni. Ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi, kí n padà wá tó bá san. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n ń pe orúkọ obìnrin mìíràn." Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìsí ẹkún. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó ní iná ẹja ti ń kú létí omi. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó tún fi yan ẹja lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Bó ṣe wà lónìí, ó ní láti gbé fóònù súnmọ́ ojú gan-an kó tó lè mọ ẹni tó ń pè é, èmi sì mọ ohun tó fà á ju dókítà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alhaja pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó bu ẹ̀wà fún mi, ó rò pé àánú ìyá mi ló ń ṣe mí. "Jẹun, ọmọ mi. Ó mà ṣe o. Àní mo ti palẹ̀ igun yẹn mọ́ dè ọ́." Mo bi í pé igun wo. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ó ti tẹ́ ẹní kékeré kan sí. "Ibí yìí lo máa máa wà tí o bá ti ilé ìwé dé, títí ìyá ẹ á fi dé láti ọ́fíìsì. Kó tó tiẹ̀ fi nǹkan kan ojú rẹ̀ ló ti wá bẹ̀ mí. Ó ní, 'Alhaja, ẹ bá mi wò ó, mi ò lè gbé ọmọ mi fún ẹnikẹ́ni.' Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn." Mo wo ẹní náà. Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Alhaja ní kí n mu omi. Mo rántí pé mo dìde, mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo sáré jáde sí òpópónà, mo sáré títí dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, mo tún sáré padà, torí kò sí ibi kankan tí mo lè sá lọ tí Màámi kò ní wá mi dé.

Túsìdè, Àǹtí Ngozi dé. Màámi wà lágbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà, Alhaja wà lórí àga rẹ̀, èmi ń pọnmi sínú dírọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Àǹtí Ngozi rí ojú Màámi, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Chineke! Ìyá Rẹ̀mí! Ẹ jáde sínú oòrùn? With that lime for face? But I tell Rẹ̀mí! Mo ní kó sọ fún yín pé kí ẹ má jáde, I tell am well-well! Rẹ̀mí, you no tell your mama?"

Alhaja yí ọrùn padà sí mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wúwo lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀. Màámi gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà, ó wò mí. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀: Sátidé, ibòji, agbòjò. Kò sí ohun tó kù tí kò mọ̀.

"Ó sọ fún mi," ni Màámi wí. "Ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí o ṣe rán an. Èmi ni mo ṣorí kunkun. Ẹja ti dé, mo ní oòrùn kékeré wo ló máa ṣe mí."

"Ah! Ìyá Rẹ̀mí, ẹ no dey hear word!" Àǹtí Ngozi pòṣé, ó gbé báàgì rẹ̀, omijé sì wà lójú òun náà. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í bá Màámi wí, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní obìnrin tó gbọ́n tó yìí kò yẹ kó ṣe bí ọmọdé. Màámi tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ma." Ó bẹ Alhaja. Ó bẹ Àǹtí Ngozi.

Nígbà tó ṣe, ó dìde wọ yàrá, ó pè mí. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo di ojú, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìgbájú. Mo fẹ́ ẹ. Mo dúró títí, kò dé. Nígbà tí mo la ojú, ó ti dùbúlẹ̀, ó ní kí n rẹ aṣọ kan sínú omi tútù, kí n fún un, kí n bá òun fi lé ojú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ń kán sí i létí. Mo bi í níbi tó ń ta á jù kí n lè gbé aṣọ náà síbẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ni, Rẹ̀mí."